Bí a ṣe lè máa bá àwọn ọ̀dọ́langba wa sọ̀rọ̀ nígbà tí àrùn bá wọ̀lú

Okun o, ẹ̀yin òbí wa ní ilẹ̀ Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà Lassa máa ń pọ̀ jù, láti November títí dé April, ìpínlẹ̀ Ondo àti Edo tó múlé gbè wá sì wà lára ibi tó ti ń ṣọṣẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá gbéra ní Kàbà láàárọ̀ á ti wọ Àkókó kí oòrùn tó mú. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn àrùn náà kì í fi í pẹ́ dé Ìjùmú, Bùnú, Mọ̀pà àti Yàgbà, etí àwọn ọmọ wa ló sì máa ń kọ́kọ́ bà sí, torí àwọn ló ni fóònù.

Àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19 ni mo ń sọ. Bí ìlú bá dàrú, à ń gbé àwọn kékeré mọ́ra, à ń bá àwọn àgbà gbèrò, ṣùgbọ́n àṣẹ là ń pa fún àwọn ọ̀dọ́langba: lọ fọwọ́, má jáde, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ nínú yàrá, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n ní ohun tó wà nínú wọn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí òbí mú nínú ìtọ́sọ́nà yìí: kí a yá ọmọ ní etí ká tó la ẹnu. Ibà Lassa ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí òun ló sún mọ́ wa, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe onígbáméjì ni, tàbí irú kòrónà ti 2020, ọ̀nà kan náà ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Kí ìwọ alára kọ́kọ́ mọ òótọ́

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún máa mọ̀ bí o bá ń sọ ohun tí kò dá ọ lójú. Nítorí náà, kí o tó pè é, mọ ìwọ̀nyí.

Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ibà yìí mọ̀ ní 1969, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ. Irú eku kan tó ń gbé oko tó sì máa ń wọlé wá jẹ oúnjẹ ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku yìí lórí gàárì, èlùbọ́, ìrẹsì tàbí abọ́ oúnjẹ ló ń kó o ran ènìyàn. Ẹni tó bá ń fọwọ́ mú eku náà, tó ń dá a nínú, lè kó o pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí ìtọ̀ aláìsàn bá kàn lára. Àrùn náà lè wà lára fún ọjọ́ 2 sí 21 kó tó fara hàn. Bí ibà lásán ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, àárẹ̀. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá kó o, bíi mẹ́jọ ni kì í le lára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá le sí lè máa ṣẹ̀jẹ̀, ó sì lè kú. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní ribavirin, tí àwọn dókítà máa ń fẹ́ kí a tètè bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ti ń fún ni. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Nítorí náà, ibà tí kò lọ lẹ́yìn tí a ti lo oògùn ibà, ilé ìwòsàn ló yẹ kó gbé wa lọ, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù olóògùn lẹ́ẹ̀kejì.

Bí nǹkan bá ṣókùnkùn sí ọ, bi àwọn nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò, tàbí kí o pe NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, lórí 6232. Wọn kì í gba owó ìpè.

Ìgbésẹ̀ 2: Yan ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́

Má pe ọmọ jókòó sí pálọ̀ kí bàbá jókòó sórí àga, kí màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹjọ́ nìyẹn jọ lójú ọmọ. Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ rò ni, "Kí ni mo tún ṣe?" Láti ìgbà náà lọ, "ẹn" àti "rárá" lo máa gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde lára àwọn ọmọ wa ni ibi tí ẹ ti jọ ń bó ẹ̀gẹ́, tí ẹ ń ṣa ẹ̀wà, tí ẹ ń rìn bọ̀ láti oko, tí ọ̀kan ń fọ aṣọ tí èkejì ń sá a. Ojú kò kọjú sí ojú, ọwọ́ rí nǹkan ṣe, bí ọ̀rọ̀ bá sì wúwo, ọmọ lè dákẹ́ díẹ̀ láìjẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ náà le koko. Fún ọmọkùnrin, ojú ọ̀nà oko ló dára jù. Mo ti rí ọmọkùnrin tí kò sọ gbólóhùn kan nílé fún odidi ọ̀sẹ̀, tó jẹ́ pé bí òun àti bàbá rẹ̀ ṣe ń kọ ebè ni gbogbo rẹ̀ tú jáde.

Má ṣe é níṣojú àwọn àbúrò rẹ̀ tàbí àlejò. Má sì ṣe é nígbà tí ebi ń pa ọ̀kan nínú yín.

Ìgbésẹ̀ 3: Bèèrè kí o tó sọ

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, ibí yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń fo ọ̀rọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Kí lo ti gbọ́ nípa àìsàn yìí?" Ìkejì ni, "Kí ló wá sí ọ lọ́kàn nígbà tí o gbọ́ ọ?" Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí. Ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2 ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó ní:

"Màmá, wọ́n ní ọmọ ilé ìwé kan ti kú."

Ìdáhùn tó sábà máa ń yára sí wa lẹ́nu nìyí: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Mi ò ti ní kí o má tẹ́tí sí ìsọkúsọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí i. Yára bó ẹ̀gẹ́ yẹn." Àdúrà wà níbẹ̀, ìfẹ́ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ náà máa gbé ẹ̀rù rẹ̀ padà sórí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú èkejì.

"Hẹn-ẹn. Kí ni wọ́n ní ó ṣe é?"

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀."

"Ìyẹn bani lẹ́rù lóòótọ́. Nígbà tí o gbọ́ ọ, kí ló wá sí ọ lọ́kàn?"

Ọmọ náà dákẹ́. Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán, ó sọ ọ́ sínú omi, ó mú òmíràn. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, òun náà ń bó tirẹ̀ lọ.

"Ibà tó ṣe àbúrò mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rántí. Èmi ni mo ṣí gàárì sílẹ̀, tí eku wọ inú rẹ̀. Mo kàn gbọ̀n ọ́n dànù ni, mi ò sọ fún yín."

Ohun tó ń jẹ ọmọ náà láti ọjọ́ yìí nìyẹn, kì í sì í ṣe ti ọmọ ilé ìwé tó kú. Ó rò pé òun ló máa pa àbúrò òun. Kò sí ìwàásù kankan tó máa yọ ìyẹn jáde. Ìyá tó bá gbọ́ èyí, kó má bínú nítorí gàárì lójú ẹsẹ̀. Kó kọ́kọ́ ní, "O ṣeun tí o sọ fún mi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n lè jọ ṣírò ọjọ́ tí àbúrò náà ti gbádùn, kí wọ́n sì jọ wá ìkòkò tí ìdérí rẹ̀ ń dé dáadáa.

Bí ọmọ bá dákẹ́, fi í sílẹ̀ kó dákẹ́. Má fi ìbéèrè mìíràn lé ìbéèrè. Bí ó bá ní "kò sí nǹkan," má fipá mú un. Sọ pé, "Ó dáa. Bí ó bá wá sí ọ lọ́kàn, mo wà níbí," kí o sì tún padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta.

Àwọn bàbá kan máa sọ pé irú èyí ń sọ ọmọ di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Gbígbọ́ tẹnu ọmọ kò túmọ̀ sí pé ọmọ ló ń darí ilé. Ọmọ ṣì máa kúnlẹ̀, ó ṣì máa dọ̀bálẹ̀, ó ṣì máa pè ọ́ ní "ẹ̀yin". Àwọn àgbà wa ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Sọ òótọ́ níwọ̀n, kí o sì fi "mi ò mọ̀" kún un

Má sọ pé, "Kò sí nǹkan kan tó lè ṣe wá." Bí nǹkan bá wá ṣe ẹnì kan nínú ilé, ọmọ ò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ mọ́. Má sì fi ikú dẹ́rù bà á: "Bí o bá jáde, wàá kó ikú wálé pa ìyá rẹ àgbà." Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn, tí ìyá àgbà sì ṣàìsàn lóòótọ́, ó lè gbé ẹ̀bi náà dàgbà.

Èyí tó dára ni, "Àrùn yìí wà. Ó lè le. Àwọn nǹkan wà tí a lè ṣe tí kò fi ní í tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹnì kan bá sì ṣàìsàn, a mọ ibi tí a máa gbé e lọ." Dárúkọ ilé ìwòsàn náà fún un. Sọ ẹni tó máa gbé yín lọ àti ibi tí owó wà. Ọkàn ọ̀dọ́langba máa ń balẹ̀ bí ó bá ti mọ ètò.

Ní tiwa ní Kogi, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fi pamọ́ fún wọn. Ní 27 May 2020, NCDC kéde pé àwọn ènìyàn méjì ti ní kòrónà ní ìpínlẹ̀ wa, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní òun kò gbà. Àwọn ọmọ wa gbọ́ méjèèjì. Wọ́n rí àgbà tó ń bo imú, wọ́n rí àgbà tó ń fi í ṣẹ̀sín. Bí ọmọ bá bi ọ́ pé ta ni kí òun gbà gbọ́, má fi ọ̀rọ̀ òṣèlú dá a lóhùn. Sọ fún un pé ìjọba lè máa jiyàn lórí iye ènìyàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ fífọ̀, oúnjẹ bíbò àti títètè lọ sí ilé ìwòsàn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìgbésẹ̀ 5: Fún un ní iṣẹ́ tó nítumọ̀

Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà tí kò sì rí nǹkan ṣe, inú rẹ̀ ló máa yíjú sí. Jọ bá a pín iṣẹ́ ilé, kí o jẹ́ kó yan tirẹ̀, kó sì jẹ́ pé òun gan-an ló ni ín, tí kò ní í jẹ́ pé o máa ń wá tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀gá gàárì: gbogbo oúnjẹ gbígbẹ wọ inú ike tàbí ìkòkò tó ní ìdérí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó lè bójú tó èlùbọ́ àti gàárì tí a ń sá, kó má ṣe wà ní ẹ̀gbẹ́ títì nílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́, kó wà lórí pẹpẹ gíga, kí a sì kó o wọlé kí alẹ́ tó lẹ́. Ó lè wá ihò tí eku ń gbà wọlé, kó dí i. Ó lè máa pọn omi sínú korobá ìfọwọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nǹkan mẹ́ta ni a kò gbọ́dọ̀ gbé lé e lọ́wọ́. Kó má fọwọ́ lásán gbé òkú eku. Kó má gbá ìgbẹ́ eku tó ti gbẹ, torí eruku rẹ̀. Omi tí a po oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn mọ́, bíi bílíìṣì, ni a máa kọ́kọ́ dà sí i, ká tó nù ún pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Kó má sì tọ́jú aláìsàn tí a fura sí.

Ẹ̀yin tó ní ọmọkùnrin, ẹ bá wọn sọ ti ọdẹ eku. Bí koríko bá gbẹ, àwọn ọmọ wa máa ń tinábọ igbó, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á pa eku, wọ́n á sun ún jẹ nínú oko. Ayọ̀ ìgbà èwe ni, àwa bàbá náà ṣe é. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń kan ẹ̀jẹ̀ eku jù, iná náà sì ń lé eku wọ inú ilé. Má kàn ní kó má lọ. Ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí o sì bi í pé kí ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ṣe dípò rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ìgbésẹ̀ 6: Ti fóònù

Gbígba fóònù lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí ilé ìwé ti wà ní títì ń gé e kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹ jọ yan àkókò tí gbogbo ilé máa gbé fóònù sílẹ̀ lálẹ́, ti òbí náà kún un. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10.

Ní ti àhesọ, sọ ìtàn omi iyọ̀ fún wọn. Ní August 2014, nígbà tí Ebola dé Èkó, ìròyìn kan lọ káàkiri lóru pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún. Àwọn ènìyàn jí ara wọn láago mẹ́ta òru. Àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, ó sì mú ẹ̀mí lọ. Àwọn ọmọ tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì báyìí kéré tàbí wọn kò tíì dáyé nígbà náà. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ gbọ́ fóìsì kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí o jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bèèrè: ta ló ń sọ̀rọ̀? Ọjọ́ wo ló gbà á sílẹ̀? Kí ló fẹ́ kí n ṣe kíákíá? Ọ̀pọ̀ ọmọ máa mọ̀ ọ́n ju òbí lọ, jẹ́ kó kọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Mọ ìgbà tó ti kọjá ẹ̀rù lásán

Ẹ̀rù, ìbínú díẹ̀, oorun tó yí padà, gbogbo rẹ̀ wọ́pọ̀ nígbà tí ìlú bá dàrú. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ká dìde ni bí ó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ kò jẹun dáadáa, tí kò sùn tàbí tó ń sùn ṣáá, tó fi eré tó fẹ́ràn sílẹ̀, tó ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tàbí tó ń sọ pé òun kò wúlò. Lára ọmọkùnrin, ìbínú ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sábà máa ń wọ̀ bí ẹ̀wù. Ìlòkulò oògùn bíi tramadol náà lè wà níbẹ̀.

Bí o bá fura pé ọmọ ń ro ikú, bi í tààrà: "Ṣé ó ti ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o má wà láyé mọ́?" Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn, ó máa ń jẹ́ kí ọmọ mí kanlẹ̀. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má bú u, má ní Èṣù ló gbé e wọ̀, má fi òun nìkan sílẹ̀. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Àdúrà lè bá a lọ.

Ohun kan tí mo bẹ yín lé lórí: nígbà tí ìròyìn Lassa bá dé, ilé gbogbo máa ń ra oògùn eku. A tún ní oògùn koríko àti oògùn kòkòrò ti oko nínú ilé. Ẹ tì wọ́n pa sínú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àgbà. Oògùn tí a rà láti dáàbò bo ilé kò gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí ọwọ́ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ máa tètè dé.

Ìgbésẹ̀ 8: Ti àwọn ọmọbìnrin

Nígbà tí Ebola fi ti ilé ìwé pa ní Sierra Leone fún bí oṣù mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló lóyún. Bí ilé ìwé wa bá tì, mọ ilé tí à ń rán ọmọbìnrin lọ àti ẹni tó wà níbẹ̀. Sọ fún un pé bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tàbí olórí ìjọ, kó wá sọ, o máa gbà á gbọ́. Bí ó bá wá sọ, gbà á gbọ́. Ra páàdì kó tó bèèrè. Nígbà tí owó bá há, ojú máa ń ti àwọn ọmọ láti bèèrè.

Ìgbésẹ̀ 9: Bí àrùn bá kan ilé yín

Bí wọ́n bá gbé ẹnì kan lọ sí ibi ìyàsọ́tọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń ṣọ́ àwọn tó sún mọ́ ọn fún ọjọ́ 21, wọ́n á máa yẹ ara wọn wò bóyá ó gbóná. Sọ fún ọ̀dọ́langba rẹ kí wọ́n tó dé, kó má bàa rò pé wọ́n wá mú òun. Jẹ́ kó máa bá aláìsàn náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ó bá lè sọ̀rọ̀.

Àwọn aládùúgbò lè máa yà fún yín. Àwọn ọmọ kíláàsì lè sọ ọmọ ní orúkọ. Ẹ jọ pinnu ohun tó máa fèsì, kó kúrú: "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi ṣàìsàn. Àwọn dókítà ti yẹ̀ wá wò." Bí ẹni tó gbádùn bá padà wálé tí kò gbọ́ràn dáadáa, ẹ má rò pé ìgbéraga ni, ọ̀kan nínú mẹ́rin tó bá yè máa ń ní ìṣòro etí, ti ìdajì wọn sì máa ń sàn díẹ̀ láàárín oṣù 1 sí 3.

Bí ikú bá sì dé, ẹbí lè má rí òkú wẹ̀, wọn lè má gbé e wá sí àgbàlá. Fún àwa ọmọ Okun, èyí le. Má jẹ́ kó jẹ́ ibi ìsìnkú ni ọmọ ti máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí o sì bi í pé kí ló fẹ́ ṣe fún olóògbé náà. Àwọn kan máa fẹ́ kọ lẹ́tà, àwọn kan máa fẹ́ ka Bíbélì tàbí Kùránì, àwọn mìíràn á fẹ́ tọ́jú fìlà rẹ̀. Kó ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 10: Nígbà tí ilé ìwé bá ṣí

Ní 2020, àwọn SS3 tó yẹ kó ṣe WAEC ní April dúró títí di 17 August. Ọ̀pọ̀ padà sí kíláàsì pẹ̀lú ìtìjú pé àwọn ti gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé, bi ọmọ rẹ ní iṣẹ́ tó ń bà á lẹ́rù jù, kí o bá olùkọ́ kan ṣoṣo tó fẹ́ràn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ padà rárá, má gbé pàṣán. Padà sí ibi ẹ̀gẹ́, kí o bèèrè.